Ẹ má tíì fa okùn yẹn: ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ti wà nílẹ̀ láti bí 20 ọdún, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe sí i gan-an ni kò yẹ kí wọ́n ṣe. Wọ́n á nu eruku orí rẹ̀, wọ́n á bu bẹntiróòlù tuntun sí i, wọ́n á di okùn mú, wọ́n á fà á. Tí kò bá dáhùn, wọ́n á tún fà á. Èyí tí kò dáhùn yẹn ò tiẹ̀ burú. Èyí tó bá dáhùn ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ó lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ohùn rẹ̀ máa dùn ún gbọ́, kó tó wá há lójijì bí ohun tí wọ́n kàn níṣòó. Ìnáwó tí ì bá mọ sórí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ti di ìnáwó písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro, ó kàn ta kókó díẹ̀ ni, torí orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń pe nǹkan mẹ́ta. A ó ṣí kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, a ó rí ìdọ̀tí, a ó ní epo ti dì sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó dì síbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ohun tó sì ń tú ọ̀kan kì í tú èkejì.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ́ńjìnnì tí mo ní lọ́kàn. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ni, tí orí rẹ̀ wà lókè, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí nínú omi. Láti 1909 tí Ole Evinrude ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tú-sitíróòkù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kò sí ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbé lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò. Inú epo la ń po ọ́ìlì mọ́, epo náà ló sì ń gbé e lọ bá bíárìn àti písítìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Bẹntiróòlù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo bí omi. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà ló para pọ̀ dà á. Àwọn tó fúyẹ́ nínú wọn máa ń fò lọ, àwọn yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó tutù tètè dáhùn. Ìdí nìyẹn tí epo tó ti pẹ́ fi máa ń lọ́ra. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan wà tí afẹ́fẹ́ máa ń bá ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa so mọ́ ara wọn, títí wọ́n á fi di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Kò pọn dandan kó pẹ́ tó ọdún kan kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mélòó kan ti tó nínú ohun tí a kò dé dáadáa. Abọ́ kabúrétọ̀ wá burú jùyẹn lọ: epo inú rẹ̀ kéré, ó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kò sì sẹ́ni tó ń rántí pé epo ṣẹ́kù síbẹ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kìíní nìyẹn, gọ́ọ̀mù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti oyin, tó bá pẹ́ a máa pọ́n dúdú. Ó ń dán, ó le, ó sì lẹ̀ mọ́ irin bí ẹni pé ṣe ni wọ́n kùn ún. Òórùn rẹ̀ jọ ti fánísì tí wọ́n fi ń kun àga, ó kan, ó sì ń ta nímú. Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè mọ́ bóyá epo kan ti bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́.

Èkejì ni ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo. Bẹntiróòlù á fò lọ, ọ́ìlì ò ní lè fò. Ṣe ni yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́, yóò ki, yóò dúdú, yóò rí bí ohun tí ẹ lè fi ìka gbọ́n kúrò. Òun ló ń kóni nírìíra jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti mú kúrò.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe epo rárá. Omi ló fà á. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, wọ́n ń po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ bẹntiróòlù, ó sábà máa ń tó ìdá 10 nínú 100. Ẹtánọ́ọ̀lù fẹ́ràn omi. Ó ń fà á mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Tí omi náà bá ti pọ̀ jù, nǹkan bíi mílílítà 5 nínú lítà kan, omi àti ẹtánọ́ọ̀lù á jọ já kúrò lára epo, wọ́n á sì lọ sùn sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ gan-an ni jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, ti ń fa epo. Ibẹ̀ ni alumíníọ̀mù àti síǹkì á ti máa di lẹ́búlẹ́bú funfun, tí idẹ á ní àwọ̀ ewé, tí irin á dógùn-ún.

Èyí ẹ̀kẹta yìí, òmùgọ̀ ara mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó dàgbà jù mí lọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí abọ́ kabúrétọ̀ rẹ̀, mo rí ohun funfun kan tó rí gbágungbàgun nísàlẹ̀. Lójú tèmi, epo ló dì. Mo fọ́n èròjà tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ sí i, agolo kan gbáko. Mo dúró. Mo já agolo kejì. Ilẹ̀ ṣú, ohun funfun náà ò mira. Ọjọ́ kejì ni mo tó fi èékánná họ ọ́, ló bá ń dún kẹrẹkẹrẹ bí iyanrìn. Àṣé ara abọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni mo ń fọ́n nǹkan sí láti àná. Omi ti jẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, ohun tó ń tú epo kò sì lè tú irin.

Ìdánwò tó yẹ kí n ti ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ẹ wé òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ẹ fi ra ìdọ̀tí náà. Tó bá ń yọ̀, tí òwú dúdú, ọ́ìlì ni. Kẹrosíìnì yẹn náà á mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ má wulẹ̀ náwó sí nǹkan mìíràn. Tí kẹrosíìnì ò bá rí i ṣe, ẹ fi òwú mìíràn, kí ẹ rẹ ìyẹn sínú asitóònù tàbí èròjà ìfọ̀ kabúrétọ̀. Tí òwú bá pọ́n bí omi tíì, gọ́ọ̀mù ni. Tí méjèèjì bá kùnà, tó sì ń dún lábẹ́ èékánná, irin tó ti jẹ ni ẹ ń wò yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle ni kí ẹ fi kọlù ú, pẹ̀lú ọtí kíkan funfun díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni o, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ọtí kíkan tí ẹ bá gbàgbé sára alumíníọ̀mù di àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tó ṣì dára.

Nígbà míì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gun orí ara wọn, ọ́ìlì lókè, gọ́ọ̀mù láàárín, lẹ́búlẹ́bú nísàlẹ̀ pátápátá. Kẹrosíìnì ló ń ṣíwájú nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé asitóònù jáde.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣé kò sí oògùn inú ìgò tí èèyàn lè dà sínú táǹkì kó fọ gbogbo rẹ̀? Ó wà lọ́jà lóòótọ́. Èyí tó ń dáàbò bo epo tuntun kó má tètè bàjẹ́ wúlò, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ohun tí ẹ dà sínú táǹkì, ibi tí ọ̀nà ti là tẹ́lẹ̀ ló máa gbà kọjá. Ihò tó ti dí pátá kò ní fojú kàn án. Èyí tó tún wá burú ni pé ó lè ṣí ìdọ̀tí nípò nínú táǹkì, kó sì tì í lọ bá jẹ́ẹ̀tì tó kù kan tó ṣì ń mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan písítìnì wá nìyí. Ihò jẹ́ẹ̀tì kò ju ihò tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè gbà lọ. Gọ́ọ̀mù tó rọra lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, ti dín epo tó ń kọjá kù. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ọ́ìlì rẹ̀ wà níbòmíràn. Á máa kọ́, á máa já, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ní ti tú-sitíróòkù, epo tó dín kù, ọ́ìlì ló dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ooru inú sílíńdà, ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, á ga sí i, ní àkókò yẹn gan-an ni ọ́ìlì tó yẹ kó gba písítìnì sílẹ̀ kò sì tó. Písítìnì á wú, á máa ha ara sílíńdà, á sì há.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ọ̀nà epo nínú kabúrétọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì ní sílóò, ìyẹn nígbà tó kàn ń kùn láìsáré, ọ̀tọ̀ ni ti eré. Ọ̀nà sílóò lè mọ́ kí ti eré ti dí. Ẹ ó gbọ́ ọ níbi tó ti ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ẹ ó ní ara ti yá, ẹ ó sì gbé e lọ sáàárín omi kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ wá kù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ gbé e síta gbangba, kúrò nítòsí iná èyíkéyìí, títí kan iná ẹ̀rọ tó ń ta pàrà. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè rìn jìnnà kó tó pàdé iná, ó sì ń gbiná kódà nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wá ohun tí ẹ máa fi bo ojú, torí èròjà ìfọ̀ kabúrétọ̀ tí ẹ bá fọ́n sínú ihò kan máa ń tú jáde láti ihò mìíràn tí ẹ ò fọkàn sí, ojú yín ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo àtijọ́ jáde nínú táǹkì láé. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ bẹntiróòlù ayé àtijọ́. 2021 ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, Àlìjíríà, tó dáwọ́ títa irú rẹ̀ fún ọkọ̀ dúró. Ẹ má sì da èyí tí ẹ bá fà jáde sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba epo ìdọ̀tí.

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi ọwọ́ yí fláíwíìlì orí rẹ̀, irin róbótó tí okùn máa ń yí, pẹ̀lẹ́. Ẹ má fa okùn. Ọwọ́ máa ń mọ̀ bí nǹkan bá ń ha nínú, okùn kì í mọ̀. Tó bá ti há, ẹ tún bu ọ́ìlì sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa dán an wò níwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ ọ́ìlì àtijọ́ tó dì yíká ríǹgì ara písítìnì ló mú un, kì í ṣe ìpáàrà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé lẹ́yìn kabúrétọ̀, àwọn ewé irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣí, tó ń pa dé, tí epo ń gbà wọ ikùn ẹ́ńjìnnì. Gọ́ọ̀mù máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kẹrosíìnì àti sùúrù ni tiwọn. Ẹni tó bá fi sukudiráfà yẹ̀ wọ́n sókè ti bà wọ́n jẹ́.

Kabúrétọ̀ wá ni. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u, láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tó bá ní ìdè onímú ṣóńṣó tí wọ́n fi ń dín epo kù tàbí fi ń bù ú kún un, ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé pẹ̀lẹ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó yí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má fún un o. Ẹnu ṣóńṣó yẹn máa ń gba àpá, àpá ọ̀hún kì í sì í lọ. Nínú abọ́, ẹ ó rí fílótì tó ń léfòó lórí epo. Nínú ẹ́ńjìnnì tó pẹ́ gan-an, èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kùn ún kí epo má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ kì í bọ asitóònù. Asitóònù á bó ohun tí wọ́n fi kùn ún, kọ́ọ̀kì á mu epo, á wúwo, kò ní lè léfòó dáadáa mọ́, epo á sì máa ṣàn dà nù. Ẹtánọ́ọ̀lù inú epo òde òní náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ tètè wá fílótì tuntun tí kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, gásíkẹ́ẹ̀tì àti ike, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú.

Irin tó kù ni kí ẹ rẹ. Mo máa ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tí gọ́ọ̀mù bá pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú gbogbo ihò, kí ẹ sì gbé jẹ́ẹ̀tì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí róbótó, kí etí rẹ̀ mú. Tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, ó kù. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, tàbí ẹyọ irun búrọ́ọ̀ṣì kan, ni kí ẹ fi gún un. Wáyà irin àti ẹnu dírílì á fẹ ihò náà, jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ bá sì ti fẹ̀ kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́. Lára irin kan náà, ẹ ó rí ìdérí róbótó kékeré kan tàbí méjì tí wọ́n tẹ̀ wọlé, tí kò ní ìdè. Àwọn tó ń ṣe é ló fi dí ibi tí wọ́n lu ihò gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀nà sílóò ń gbà, ibẹ̀ sì ni gọ́ọ̀mù fẹ́ràn jù. Gbogbo ayé ló ń fo ibẹ̀ torí kò jọ ohun tó ń ṣí. Yíyọ ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun dí i.

Ti rọ́bà ò gùn: gbogbo ọ̀nà epo tó jẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà tó bá dára lójú. Inú rẹ̀ ló ti ń jẹrà, èérún dúdú inú rẹ̀ á sì tún lọ dí ohun tí ẹ fi odidi ọjọ́ kan fọ̀. Awọ rọ́bà inú pọ́ǹpù epo náà, bákan náà.

Táǹkì irin tó ti dógùn-ún nínú ṣì ṣeé gbà là. Ẹ da ọtí kíkan sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ ju ìdè àti nọ́ọ̀tì mélòó kan sí i, ẹ mì ín dáadáa, ẹ kà wọ́n kí ẹ tó jù wọ́n sí i, kí ẹ tún kà wọ́n nígbà tí ẹ bá ń kó wọn jáde. Ẹ fi omi tí ẹ po sódà tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó sí ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ kíá, kí ẹ sì da epo ọlọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí irin tó wà níhòòhò báyìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kí ọjọ́ tó tán. Ìkìlọ̀ kan: tí táǹkì yín bá jẹ́ èyí tó ní ọ̀nà rọ́bà méjì, bí ọ̀pọ̀ nínú ti àwọn ọdún 1950, ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ láti ikùn ẹ́ńjìnnì wá sínú táǹkì, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ti epo gba èkejì lọ. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní pọ́ǹpù epo. Ẹni tó bá so táǹkì òde òní ọlọ́nà kan mọ́ ọn á máa bú kabúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Epo tuntun báyìí, ọ́ìlì tú-sitíróòkù tó jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa fojú bù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti pẹ́ gan-an ń fẹ́ ìdá 1 ọ́ìlì sí ìdá 24 epo, ìyẹn mílílítà 250 sínú lítà 6. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń fẹ́ 1 sí 50, mílílítà 100 sínú lítà 5. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì tàbí sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fi ti 50 fún ẹni tó ń fẹ́ 24 ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí gọ́ọ̀mù ì bá ṣe.

Ẹ gbé e sínú àgbá omi, kí omi bo ojú ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi. Láìsí omi, abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù náà kì í pẹ́ jóná. Èéfín á pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì tí ẹ kán sí sílíńdà ló ń jó, á dín kù. Etí ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Tí eré rẹ̀ bá ṣàdéédéé ròkè fúnra rẹ̀ kó tó kú, epo kò tó o. Tí ẹ bá sì fa ṣóòkù, ohun tí wọ́n fi ń dín afẹ́fẹ́ kù, díẹ̀ tí ara rẹ̀ wá balẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ fún yín nìyẹn: afẹ́fẹ́ tí ẹ dín kù ló jẹ́ kí epo kékeré yẹn tó o. Ẹ pa á. Ẹ má fi ṣóòkù wà á kiri. Kabúrétọ̀ ń padà sórí tábìlì.

Èmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tú tèmi. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó yọ ìdérí róbótó yẹn, tí mo ti ń fojú fò látọjọ́ yìí. Ihò 3 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gọ́ọ̀mù ti dí 2. Okùn ìpẹja tí kò gùn ju ìka mi lọ ló là wọ́n. Mo dá a padà sínú àgbá omi, mo fà á, ó dáhùn. Mo rọra ti ṣóòkù wọlé, mo ń retí kó kọ́. Ṣe ló ń kùn lọ, bí ẹni pé n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.